Ṣé A Máa San Án Padà?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni JAMB gbé mi ṣánlẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, bàbá mi ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ NCE nìyẹn, ìṣirò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín, kò sí iṣẹ́ tíṣà nínú ètò mi rárá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n parí, kí n gba Direct Entry wọ yunifásítì, kí n sì gbàgbé pé mo fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì rí.

Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè gba NCE láìṣe TP. Lọ́dún 2010, wọ́n pín wa káàkiri. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi bọ́ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú Ọ̀yọ́, Púráímárì 3. Inú bí mi. Èmi tí mo ti ń kọ́ calculus, kí n wá máa kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ìyọkúrò? Mo ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni, oorun ni màá fi ìyókù sùn.

Àwọn ọmọ náà tó márùndínláàádọ́ta. Bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba ọmọ mẹ́ta, márùn-ún ló ń jókòó sí i, ẹni tó wà létí ń fi ẹsẹ̀ kan ti ara rẹ̀ kó má baà ṣubú. Tíṣà wọn gan-an, ìyá àgbà kan tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Màmá, fi kíláàsì sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀. Ó lọ jókòó sẹ́yìn, ó ń hun sùẹ́tà.

Mo kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù gàdàgbà: 52 − 27. Mo fa ilà sáàárín Tens àti Units. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bí àwọn tíṣà tèmi náà ṣe pè é fún mi: "Two minus seven, cannot. Borrow one from five." Àwọn ọmọ ń gbè é bí orin. Ohùn wọn dùn, ó ń dún jáde lójú fèrèsé, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ti wọlé nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Mo ti túmọ̀ borrow fún wọn pé "ẹ yá a" ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tí a yá yẹn, ṣé a máa san án padà?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá o, nínú ìṣirò a kì í san án." Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ajẹgbèsè, ó sì jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀gá alábòójútó wa dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọn kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ ó kàn rí wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì. Obìnrin ni, kò sì tóbi lára, ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé ni itan mi ń gbọ̀n. Mo tún kọ 52 − 27 sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ti há a sórí. Mo pe Àbẹ̀kẹ́ jáde torí pé ẹnu rẹ̀ yá, mo rò pé á gbé mi níyì.

Ó kọ 35.

Mo rí máàkì mi bó ṣe ń fò gba ojú fèrèsé lọ. Mo ní, "Ẹ wo olódo!" Mo ní kó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù. Ó kúnlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ọmọkùnrin kan jáde wá kọ 25, a pàtẹ́wọ́ fún un, mo ń bá ẹ̀kọ́ lọ, ọmọ náà sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí aago fi lù.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọ̀gá pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

"Báwo ni ọmọ yẹn ṣe dé márùndínlógójì?"

"Kò gbọ́ ohun tí mo kọ́ wọn ni, mà."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí kò gbọ́. Ohun tó ṣe ni mo bi ọ́."

Ẹnu mi wọ́hò. Ó kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù, ó fọwọ́ sí i, ó lọ. Iye tó fún mi, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti òun.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí lọ́jọ́ náà, mo mú ìwé Àbẹ̀kẹ́ láàárín ìwé tí mo kó jọ láti máàkì. Ìṣirò mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta gbà, méje ò gbà. Mo ti fi bíírò pupa fa àmì sí méjèèje láìwo ohun tó wà níbẹ̀. Mo wá wò ó. 61 − 38, ó kọ 37. 43 − 19, ó kọ 36. 70 − 26, ó kọ 56. Mo tún un wò. Ọmọ yìí kò ṣèèṣì rárá! Ní gbogbo ilà, ó ń yọ kékeré kúrò lára ńlá, yálà òkè ni ńlá wà tàbí ìsàlẹ̀. Mẹ́ta tó gbà, àwọn tí kò ní borrow nínú ni.

Ta ló sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Èmi ni mo dúró níwájú wọn tí mo ń kígbe pé two minus seven, cannot. Ọmọ náà gbà mí gbọ́. Bí méje ò bá lè kúrò lára méjì, méjì ṣáà lè kúrò lára méje. Èyí tó ṣeé ṣe ló ṣe.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí mo ti wà ní yunifásítì tí mo ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mo ṣe kòńgẹ́ iṣẹ́ ìwádìí kan tí John Seely Brown àti Richard Burton tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1978. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ọmọdé ń ṣe nínú ìṣirò kì í ṣe àìfọkànsí; ọmọ ń tẹ̀lé ìlànà kan délẹ̀délẹ̀ ni, ìlànà náà ló wọ́. Bug ni wọ́n pè é, bí àwa tó ń kọ kóòdù ṣe ń pè é. Èyí tí Àbẹ̀kẹ́ ń ṣe gan-an wà lára àwọn tí wọ́n tò sílẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ṣe eré kan sórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní BUGGY: kọ̀ǹpútà á ṣe bí ọmọ tó ní bug kan nínú, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà á máa fún un ní ìṣirò lóríṣiríṣi títí yóò fi mọ ohun tí "ọmọ" náà ń ṣe. Mo ka ìwé náà tán, mo pa á dé. Ìkúnlẹ̀ ọmọ yẹn ni mo ń rí. Lónìí, iṣẹ́ mi ni kí n máa wá bug nínú kóòdù ẹlòmíì, mi ò sì tíì bú kọ̀ǹpútà ní olódo rí.

Àmọ́ ní 2010, mi ò tíì mọ BUGGY. Ìwé méje tó wọ́ bákan náà ni mo ní lọ́wọ́, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe.

Ní Sátidé, ebi lé mi dé ọjà Akẹ̀sán. Ẹ̀kọ ni mo ń wá. Àfi bí mo ṣe rí Àbẹ̀kẹ́ nídìí igbá, ìyá ìyá rẹ̀ ń ṣètò ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ sórí àtẹ, òun ló ń gbowó. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ pa dé bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìkúnlẹ̀ yẹn tún gún mi lọ́kàn.

Obìnrin kan dé, ó mú ẹ̀kọ méjì, ogún-ogún náírà, àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ mẹ́ta, ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Ó na igba náírà sí i. Kí n tó ro tèmi tán, Àbẹ̀kẹ́ ti ka àádọ́rin náírà sí i lọ́wọ́, ó sì ti kọjú sí oníbàárà mìíràn. Ọ̀kan tún mú ẹgbẹ̀rún kan wá. Ìyá àgbà ní, "Lọ bá mi ṣẹ́ owó yìí lọ́dọ̀ ìyá aláta." Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rọra bi í: "Bí mo bá ní náírà méjìléláàádọ́ta, tí mo ra ọjà náírà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń ná náírà méjì mọ́, sà."

Òótọ́ ni. Mo ní kó jẹ́ ẹ̀kọ, kó má jẹ́ owó.

"Màá mú ọgbọ̀n kúrò, ó ku méjìlélógún. Àmọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ wí. Mo ti mú mẹ́ta jù. Màá dá mẹ́ta padà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Ìyá àgbà ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Láti kékeré ni mo ti ń pe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mi ò gbọ́ ohun tí mo ń wí rí. Mẹ́ta dín ní ọgbọ̀n: ìyọkúrò ti wà nínú orúkọ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́ọ̀kì. Twenty-seven kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ogún àti méje ló ń sọ. Ohun tó wá ń dójú tì mí ni pé mo mọ̀ nípa ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo há a sórí fún ìdánwò, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gba máàkì rẹ̀. Mi ò rò pé ó kan ohun tí mo máa ṣe ní kíláàsì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe Àbẹ̀kẹ́ sí bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà." Mo tún pè é. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀. Ọmọ tó ń bi mí ní ìbéèrè tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ dìde mọ́. Màmá dáwọ́ híhun dúró lẹ́yìn, ó ń wò mí.

Mo ní, "Ó dáa, jókòó síbẹ̀. Sọ bí o ṣe sọ ọ́ lọ́jà, èmi ni màá kọ ọ́." Ó pẹ́ kó tó lanu. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti lọ dúró tì í, kí n sáré padà wá kọ ọ́: 52 − 30 = 22. 22 + 3 = 25. Ọmọkùnrin tó gba àtẹ́wọ́ lọ́jọ́sí pariwo, "Sà, ẹ̀yin lẹ ní a kì í san án padà!"

"Èmi ni mo ṣì í," ni mo wí.

Mo wá sọ fún wọn pé a ò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú 52, mẹ́wàá márùn-ún ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ méjì. A ṣẹ́ mẹ́wàá kan sí ẹyọ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ owó. Ó di mẹ́wàá mẹ́rin àti ẹyọ méjìlá. Kò sí gbèsè ńbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìsanpadà. Àbẹ̀kẹ́ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́ǹ!" bí ẹni tó ti ń dúró de ìdáhùn yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kẹ́ ẹ má rò pé gbogbo kíláàsì ló là lọ́jọ́ yẹn o. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé fifteen ni wọ́n ń pè nílé, tí ẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàjèjì sí wọn. Wàhálà tuntun ni mo gbé wá fún àwọn yẹn. Igi ìṣáná ni mo fi bá wọn ṣe é, ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, a ń tú ìdì, a ń ṣẹ́ ẹ. Ó gbà wá lọ́sẹ̀ púpọ̀. Mi ò rí oorun tí mo ní mo fẹ́ sùn.

Àbẹ̀kẹ́ padà bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jáde sí bọ́ọ̀dù mọ́ títí mo fi lọ. Mo ti sọ pé mo ṣi ìṣirò. Mi ò sọ fún un pé mo ṣi ti olódo àti ti ìkúnlẹ̀. Mo ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́, mo ń rò ó pé ẹnu tíṣà ò gbọdọ̀ gbé irú ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, TP sì parí.

Sátidé tí mo kẹ́yìn lò ní Ọ̀yọ́, mo lọ sí Akẹ̀sán. Mo mú ẹ̀kọ mẹ́rin, ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì. Mo na igba náírà sí i, mo yí padà, mo fẹ́ fi ṣéńjì sílẹ̀ fún un.

"Sà! Ẹ ò gba ṣéńjì yín."

Mo ní kó mú un.

Ó mi orí. Ó na ọgọ́ta náírà náà sí mi, ogún-ogún mẹ́ta, ó ní, "Ẹ kà á, sà."

Mo dúró níwájú àtẹ, mo kà á lójú rẹ̀. Ó pé.