Tí mọ́tò àtijọ́ bá ń yìnbọn lẹ́nu kábúrétọ̀

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí, ẹ má sì bi mí pé kí ló kan nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọmọ tí iná kábúrétọ̀ bá bó lójú, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń gbé e wá.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Mowe, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní Volkswagen Ìjàpá kan, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó lọ́dún 1975. Wọn kò tà á, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dábàá pé kí wọ́n tà á. Ìgbà tó yá, mọ́tò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn láràárọ̀. Adìẹ á sá, ọmọdé á sá. Mẹkáníìkì dé, ó yọ ike tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò lórí kábúrétọ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa fi ìgò da bẹntiróò sí i, òun bọ́ síwájú lọ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì Ìjàpá wà. Ẹni tó ń yí kọ́kọ́rọ́ kò rí ojú ẹni tó dorí kọ kábúrétọ̀. Ìbọn dún, iná bù sókè, ó jó ọmọ náà lójú àti lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 16 ni.

Kí n tó débẹ̀, ìyá kan ti gbé epo pupa dé, ẹlòmíràn di ẹyin mú. Mo ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ padà. Omi tútù tó ń ṣàn la fi ń rọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 20. A bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ tó wú, a fi aṣọ mímọ́ bò ó, ó di ọsibítù. Mò ń tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ lójú ọ̀nà, torí tí iná bá jóni lójú, tí ohùn wá há tàbí tí irun imú jó, ó ṣeé ṣe kí iná ti wọ ọ̀nà ọ̀fun, kò sì sí àkókò láti fi ṣòfò. Ohùn rẹ̀ kò há. Ṣùgbọ́n ìka méjì kò tíì nà tán títí di òní.

Ohun tó ń ṣe mọ́tò Bàbá kò ju gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó gbó lábẹ́ kábúrétọ̀ lọ! Mẹkáníìkì àgbà kan ló rí i. Ó ṣàlàyé fún mi pé tí ìbọn bá ń jáde lẹ́nu kábúrétọ̀, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń pọ̀ ju epo lọ: ó lè máa yọ́ wọlé níbi gásíkẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ìdọ̀tí dí ihò epo. Ó sì lè jẹ́ pé iná púlọ́ọ̀gì kò wá lásìkò, tàbí kí wọ́n ti ṣi wáyà fi. 1, 4, 3, 2 ni ti Ìjàpá. Tí kò bá sí nínú ìwọ̀nyí, kí wọ́n wo fáàfù. Púlọ́ọ̀gì àti wáyà ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀. Tó bá jẹ́ sàlẹ́ńsà ló ń yìnbọn, epo tí kò jó tán nínú ẹ́ńjìnì ló ń jó níbẹ̀. Kódà MG àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, tó ní kábúrétọ̀ méjì, bákan náà ni, àfi pé wọ́n gbọ́dọ̀ mú méjèèjì dọ́gba. Epo burúkú náà ń dá kún un. Ẹ rántí èyí tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó wọ̀lú níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022.

Ike tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń dá iná dúró tí mọ́tò bá yìnbọn. Kó wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ da epo sí i, kí ẹ̀rọ paná-paná sì wà nítòsí, torí omi kì í pa iná bẹntiróò.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá ẹnu ni wọ́n fi ń fa epo níbẹ̀. Tó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì í, torí ìgbà tó bá ń bì ló lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, pàápàá tó bá ń wúkọ́.