Ní Ẹnu Ọ̀nà Ilé Mọ́remí

Ẹ jẹ́ kí á jọ rin ìrìn àjò kan lọ́sẹ̀ yìí, èyí tí púpọ̀ nínú yín yóò rìn láìpẹ́ bí Ọlọ́run bá fẹ́: ìrìn àjò òbí tí ó ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ilé-Ifẹ̀ ni à ń lọ.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Ìwó Róòdù ní Ìbàdàn, ẹ ó kọjá níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun, ẹ ó sì dé Ìkirè. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin yóò ti gbé dòdò Ìkirè wá bá yín lẹ́nu fèrèsé ọkọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n jù ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi ata sí i, yóò sì dúdú róbótó. Ẹ rà á. Ọmọ yín lè sọ pé òun kò fẹ́, ẹ ṣáà rà á. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, òun ni yóò fi bá àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá dọ́rẹ̀ẹ́.

Ẹ ó kọjá Gbọ̀ngán, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ẹnu ibodè yunifásítì náà kí ẹ tó wọ ìlú Ifẹ̀ gan-an. Ọdún 1962 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn ni wọ́n kọ́kọ́ wà, ọdún 1967 ni wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ ni à ń pè é títí di 1987 tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ọ́. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ni ó ya àwòrán púpọ̀ nínú àwọn ilé ibẹ̀. Ẹ ó rí ilé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe tóóró tí òkè rẹ̀ sì fẹ̀, kí òkè lè máa ṣíji bo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Ó wu ojú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ yóò sùn ni a wá wò.

Ilé Mọ́remí wà lára àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ń gbé. Ẹ rántí ìtàn ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà. Àwọn baba wa sọ pé àwọn àjèjì kan a máa ya wọ Ifẹ̀, wọn a fi ìko bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ará ìlú a sì sá, wọ́n rò pé ará ọ̀run ni. Mọ́remí jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó gbé ọ̀dọ̀ wọn, ó rí i pé ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n, ó sì padà wá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n fi iná pàdé wọn. Àlejò ń wọlé, kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí í ṣe: ohun tí ó ba Ifẹ̀ nínú jẹ́ nìyẹn.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé àwọn obìnrin ní àwọn yunifásítì wa, pọ́tà ni ẹ ó kọ́kọ́ bá. Òun ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Yóò béèrè orúkọ yín, yóò béèrè ẹni tí ẹ ń wá, àkókò àlejò sì wà tí ilé kọ̀ọ̀kan fi lélẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, ó lè ní kí ẹ jókòó kí wọ́n lọ pe ọmọ wá.

Ibẹ̀ ni inú ti ń bí ọ̀pọ̀ bàbá. “Ọmọ tí mo fi ara mi bí! Èmi tí mo san owó ilé ìwé!” Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ẹ rọra. Ọmọ yín ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà ní yàrá yẹn. Àwọn yòókù ńkọ́? Ẹni kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, ẹni kan tú irun sílẹ̀, ẹni kan sùn láìbo ara. Àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ yín, bàbá tiwọn náà kò sì ní fẹ́ kí ẹ rí wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé Súrátù Núrì ti pa á láṣẹ fún àwa Mùsùlùmí pé kí á má ṣe wọ ilé onílé láìgbàyè, àti pé bí wọ́n bá ní kí á padà, kí á padà. Abú Músá, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábà, lọ sí ẹnu ọ̀nà Ùmárù, ó tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́ èsì, ó sì yí padà. Ùmárù bi í léèrè ìdí. Ó ní bí Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Ùmárù ní kí ó mú ẹlẹ́rìí wá, ó sì mú un wá. Bí Abú Músá bá lè padà lẹ́nu ọ̀nà, ta ni èmi àti ẹ̀yin tí a kò ní lè jókòó dúró lórí bẹ́ǹṣì pọ́tà?

Nínú ọgbà Ifẹ̀ yìí náà, ní òru ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn fi ìbọn wọ Ilé Awólọ́wọ̀ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sùn. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni wọ́n pa. George Iwilade, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Afrika, wà nínú wọn. Ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn, tí ìyá wọn di ẹrù fún bí ẹ ti di ti ọmọ yín.

N kò ní tàn yín pé pọ́tà kan ṣoṣo pẹ̀lú ìwé àti bírò lè dá oníbọn dúró. Ẹgbẹ́ òkùnkùn kò sì fi gbogbo ìgbà ti ìta wá, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń kó mọ́ra. Ṣùgbọ́n ilé tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, ojú àjèjì kì í pẹ́ hàn níbẹ̀. Ohun tí ó ń ba èyí jẹ́ jù ni pé bẹ́ẹ̀dì kò tó. Ọmọ kan yóò gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀dì sọ́dọ̀, ọ̀rẹ́ yẹn yóò mú ọ̀rẹ́ tirẹ̀ wá, nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò bá fi pé, yàrá ènìyàn mẹ́rin ti di ti ènìyàn mẹ́jọ. Bí iná bá ṣẹ́ lóru, ta ni yóò ka iye àwọn tí ó yẹ kí ó jáde? Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: “Ènìyàn mélòó ló sùn sí yàrá yín lánàá?” Ẹ gba orúkọ wọn. Ẹ sì yọ sítóòfù kékeré tí ẹ fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yín náà kù. Àwa ni a máa ń ki owó bọ pọ́tà lọ́wọ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá a gbé ẹrù dé yàrá, pé kí ọmọ àbúrò wa sùn ti í fún ọjọ́ méjì péré. À ń dúpẹ́, à ń ṣàdúà fún un pé onínúure ni. Owó tí ó gbà lọ́wọ́ wa kò yàtọ̀ sí èyí tí yóò gbà lọ́wọ́ ọkùnrin tí yóò dé lẹ́yìn wa, tí a kò mọ̀, tí ó ń wá yàrá ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin ilé náà sọ̀ kalẹ̀ wá gbé àpótí, wọ́n á gbé e. Bí àkókò bá ti tó, ẹ lè kírun Àsárì ní mọ́sálásí inú ọgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní dòdò Ìkirè rẹ̀, ẹ gbàdúà lé e lórí, kí ẹ tètè máa bọ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn kò dára láti rìn lóru.