Ọmọ ọdún 11 ń ka ìwé kejì! Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nílé télọ̀ kan ní Ìpógun

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya náà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àlè. Ìwé ni. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò lẹ́yìn, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kápíńtà kan ká ní Ìpógun lọ́dún 2020.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìlárá-Mọ̀kín á mọ Ìpógun, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti ń ránṣọ, ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ sì ni ọkọ rẹ̀ ti ń fá pákó. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Àkọ́bí, obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó wà ní JSS 2. Ọkùnrin ló tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún 11, pírámárì 5. Obìnrin kan tún wà, ọmọ ọdún 8, pírámárì 3, ẹnu ọ̀hún mú bí abẹ. Àbíkẹ́yìn ò ju ọmọ ọdún 5 lọ, kò tíì wọ pírámárì rárá. Ìyá ọkọ ń bá wọn gbé.

Nígbà tí kòrónà dé, tí ìjọba ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa ní ìparí oṣù kẹta ọdún náà, ìyá yìí rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù kan, oṣù kan di méjì. Àwọn ọmọ ń sùn di ìyálẹ̀ta, ọ̀kan á gba bọ́ọ̀lù lọ, èkejì á jókòó ti fóònù. Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn lóòótọ́, àmọ́ rédíò kan ló wà nílé, ọmọ mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ń bá àgbà inú wọn sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́ta tó kù á máa ka igi àjà. Ká má tiẹ̀ wá sọ ti iná ìjọba.

Ló bá pinnu pé òun á kọ́ wọn fúnra òun. Ìbòmú làwọn télọ̀ ń rán nígbà yẹn, aṣọ àǹkárá pélébé pélébé, ó sì ń tà. Nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀, ó gba Àkúrẹ́ lọ láti ra òwú àti rọ́bà ní Ọjà Ọba, ó yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé. Ẹni tó ń tà á bi í pé, “Ìwé kíláàsì wo, Màmá?” Ó ka kíláàsì àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹni náà kó ìwé fún un, ó sanwó. Tayọ̀tayọ̀ ló fi wọkọ̀ padà sílé. Ta ni kò ní yọ̀? Bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe é náà kọ́ nìyẹn?

Ọjọ́ kejì, láago méje àárọ̀, ó to àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí ọkùnrin ka ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì pírámárì 5. Ọmọ náà fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan. Ó dákẹ́. Ó fò ó, ó mú òmíràn, ó tún dákẹ́. Òógùn bò ó nímú. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 8 na ọrùn láti ẹ̀yìn, ó sì kà á gbuurugbu láti òkè délẹ̀, kò tiẹ̀ sí ẹni tó bi í.

Ẹ̀gbọ́n wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin ju ìwé sílẹ̀, ó sá lọ sí búkà bàbá rẹ̀, ó gbé rándà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó tẹ́nì kan ò ní kó fá.

Ìyá wọn ò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Ó yọ káàdì ìdánwò ọmọ náà wò. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó yege, pé kó bọ́ sí kíláàsì tó kàn. Ọdún márùn-ún! Owó ilé ìwé tó ń san, aṣọ, sálúbàtà, bírò, gbogbo ẹ̀ ló ń sáré lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe ilé tirẹ̀ nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ìyá ló mọ kíláàsì tí ọmọ òun wà ju ohun tí ọmọ náà mọ̀ lọ.

Bàbá Tíṣà ló bá a yanjú ẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ládùúgbò kan náà. Ó wá gba ṣòkòtò tó gbé wá ṣe, ló bá bá Ìyá Télọ̀ níbi tó gbé ń fọwọ́ lérán. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, “Ìyá Télọ̀, bí wọ́n bá mú ọmọ ọdún 11 wá pé kó o ránṣọ fún un, ṣé ọjọ́ orí ẹ̀ lo máa fi gé aṣọ?”

“Rárá o, Bàbá. Màá wọ̀n ọ́n ni.”

“Ṣé o wọn àwọn tìẹ kó o tó lọ rà wọ́n níwèé?”

Obìnrin náà ò rí èsì fọ̀. Ìyá ọkọ tó ń ṣa ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló fèsì. Màmá àgbà ní òun mọ ìwọ̀n kan tí kò dáa. Lọ́jọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, ó ti tó ọmọ ọdún 6, kó wọlé. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé.

“Èmi lẹ̀gbọ́n,” màmá ní, “ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kúrú. Àbúrò mi, ọmọ ìyàwó kejì, ọwọ́ tiẹ̀ gùn bí ọwọ́ ọ̀bọ. Wọ́n mú un, wọ́n lé mi. Ọdún kejì ni mo tó wọlé. Títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà ló ń pè mí ní àbúrò rẹ̀.” Màmá àgbà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú.

Bàbá Tíṣà wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọn ọmọ. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé, kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa wọlé, kí ẹnikẹ́ni má dúró tì wọ́n. Kí ìyá bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kìíní, ìbáà jẹ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni. Kí ọmọ ka ojú ewé kan. Ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀, kí ìyá ká ìka kan. Bí ìka márààrún bá ká kí ojú ewé tó parí, ìwé yẹn wúwo jù fún un. Bí kò bá sí ìka tó ká, ó fúyẹ́ jù, kí wọ́n lọ sí ìwé tó kàn. Ibi tí ìka méjì tàbí mẹ́ta bá ká, ibẹ̀ lọmọ wà. Lẹ́yìn náà, kó pa ìwé dé, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kà, torí àwọn kan wà tó ń ka ìwé bí ẹyẹ odídẹ.

Télọ̀ náà ní ó yé òun. Aṣọ ọmọdé, èèyàn á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè tú u bó bá dàgbà, ṣùgbọ́n kò ní fi àyè tó máa jẹ́ kó ṣubú sílẹ̀.

Bàbá Tíṣà tún kì í nílọ̀ pé kó wọn ìṣirò lọ́tọ̀, kó má fi ti ìwé kíkà ṣe é. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá dùn. Àkọ́bí ọmọ JSS 2 ka ìwé tirẹ̀ dáadáa, àmọ́ nígbà tó kan ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin, ìṣirò pírámárì 4 ni ó ti há. Ẹni tó ń fàbúrò rẹ́rìn-ín! Ọmọ ọdún 8 ka ìwé karùn-ún pẹ̀lú ìka méjì péré, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ ò kúrò ní kíláàsì tó wà. Àbíkẹ́yìn ń kọ ABD lórin geere, bí wọ́n bá wá fi lẹ́tà kan hàn án, kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin wa ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dúró sí ìwé kejì. Ìwé kẹta ká ìka márùn-ún kó tó dé àárín ojú ewé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Tíṣà bi í pé, “Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12, tí bàbá ẹ bá gé e ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, ọ̀nà mélòó?” kò wo bírò. Ó ní, “Mẹ́rin, sà, ẹsẹ̀ bàtà méjì á ṣẹ́kù.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń wá ìwé tí yóò fi ṣe é.

Ọmọ olódo kọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò kọ́ ọ bí lẹ́tà ṣe ń so mọ́ra wọn ni kò ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn bàbá ni pé kí ìyá má pín ara rẹ̀ sí mẹ́rin. Ìtàn, ìmọ̀ nípa ewéko àti ara, ìwà ọmọlúàbí, Yorùbá, kó pa gbogbo wọn pọ̀ kọ́ ọ, kí àgbà dáhùn bí àgbà, kí kékeré dáhùn bí kékeré. Ìwé kíkà àti ìṣirò nìkan ni kó yà sọ́tọ̀, ogún ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí àkọ́bí sì máa kọ́ àbíkẹ́yìn ní ABD. Fún ọkùnrin, kó kọ́kọ́ fi Yorùbá kọ́ ọ ní kíkà, torí èdè tó ń sọ nìyẹn. Ó lọ gbé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ wá láti ilé rẹ̀, etí ìwé náà ti jẹ. Bí ẹnì kan bá ní Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, ẹ rán an létí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Ó wá ku ìtìjú. Nọ́ńbà ńlá ló wà níwájú ìwé, 2, ẹni tó bá dúró lójú títì á rí i. Ìyá náà já kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá, ó fi bo ìwé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léraléra. Kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà ẹnì kan mọ́. Ó kìlọ̀ fún ọmọ ọdún 8 pé bó bá tún ka ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè, òun á fi ẹnu rẹ̀ sábẹ́ maṣíìnì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọjọ́ kan ni ewúrẹ́ jẹ bébà kàlẹ́ńdà yẹn, bàbá wọn ṣíjú, ó rí 2.

“Èwo lèyí? Ọmọkùnrin mi, ìwé kejì? Ṣé o fẹ́ sọ ọ́ di ẹrù yẹ̀yẹ́ fún gbogbo Ìpógun ni?”

“Bàbá wọn, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀.”

“Mi ò jókòó! Pírámárì 5 ni mo ń sanwó ẹ̀!”

Ohùn ọkọ ròkè, ohùn aya náà ò rẹlẹ̀. Aládùúgbò yọjú. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ìyá télọ̀ wá sọ ohun kan tí kò yẹ kó sọ níwájú ọmọ: “Ẹ̀yin náà, pírámárì 6 lẹ parí o. Ta ló ń bá yín ka ìwé tí oníbàárà bá kọ wá?”

Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Òótọ́ ni. Nígbà tí Ajásin jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó, láti 1979 sí 1983, ọ̀fẹ́ lẹ̀kọ́, ọkùnrin náà sì wà lára àwọn tó jẹ nínú oore náà. Láti kíláàsì dé kíláàsì ni wọ́n ń tì í lọ, kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wò ó. Ó mọ pákó, ó mọ owó, ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ìwé tí oníbàárà bá kọ, ìyàwó rẹ̀ ló ń kà á fún un, bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kò jẹun alẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì lórí ìkúnlẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí òótọ́ náà ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní kó ka ìwé yẹn sóun létí díẹ̀díẹ̀, kó máa fi ìka tọ́ka sí i, pé ojú òun ò fi bẹ́ẹ̀ ríran lálẹ́ mọ́. Ìyá wọn gbọ́ láti ìdí maṣíìnì. Ojú ọkọ rẹ̀ ò ní nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà lọ́dún náà, ọmọ ti kúrò ní ìwé kẹta, ó ti wà lórí ìkẹrin. Ìyá fẹ́ kó tún pírámárì 5 ṣe. Bàbá ní rárá. Wọ́n bi ọmọ fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun bá ẹgbẹ́ òun lọ sí 6, ṣùgbọ́n kí Mọ́mì má dá ti àárọ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é, aago mẹ́fà kùtùkùtù, kí wọ́n tó wẹ̀.

Nígbà tó yá, àbíkẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í da lẹ́tà mọ̀ ń wá ìwé kejì náà kiri ilé. Wọ́n wá abẹ́ ibùsùn, wọ́n wá inú àpò aṣọ, wọn ò rí i. Inú àpótí irinṣẹ́ ni wọ́n ti bá a, láàárín òòlù àti ìṣó. Ẹnì kan ti tún fi kàlẹ́ńdà mìíràn bò ó, ó sì ti fi pẹ́ńsù kápíńtà sàmì sí ojú ewé kẹrìnlá.