Gíláàsì Tí Ó Fúyẹ́, Ojú Tí Ó Ń Ríran

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, àbúrò mi ọkùnrin wa ọkọ̀ rẹ̀ láti Èkó wá sí ilé àwọn òbí wa ní Ìbàdàn. Bí ó ti wọlé ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Òkúta kan ta láti abẹ́ táyà tírélà ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, ó bá gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀, gíláàsì náà sì là láti igun kan dé ìkejì. Kò tí ì mu omi tí a bù fún un tán tí ó fi fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lówó. Èyí tí ó fúyẹ́ ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀."

Ẹni tí kò bá mọ àbúrò mi lè rò pé ọ̀rọ̀ gíláàsì lásán ni. BMW E46 tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ọdún mẹ́ta gbáko ni ó sì fi tọ́jú owó tí ó fi rà á. Ó ti pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀, ó sì ti fi àga iwájú tí kò wúwo rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ́ràn ọkọ̀ eré máa ń sọ fún un pé ìwúwo ni ọ̀tá eré. Òótọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ti fúyẹ́ sí ni ó ṣe ń tètè gbéra, tí ó sì ń tètè dúró. Òkè ni gíláàsì iwájú sì wà. Ìwúwo tí ó bá wà lókè ni ó ń mú kí ọkọ̀ fẹ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà. Nítorí náà, àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọkọ̀ yìí kan náà ni ó ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, òun náà ni ó sì fi ń gbé ìyá wa lọ sí òde. Iwájú ni ìyá máa ń jókòó sí.

Owó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó iṣẹ́ ìtumọ̀ kan fún mi ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ sọ pé ó dáa, ojú mi bọ́ sí ìpéǹpéjú òsì bàbá wa. Àpá kan wà níbẹ̀. Kí a tó bí àbúrò mi, òkúta bá gíláàsì iwájú ọkọ̀ tí bàbá ń wà nígbà náà. Irú gíláàsì tí a fi iná mú le ni, èyí tí ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ dà sí wọn lára lórí eré. Ọlọ́run yọ wọ́n, ojú náà kò fọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí, mo sì rántí báńdéèjì náà títí di òní.

Mo ní, "N ó yá ọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí owó mi fẹ́ rà."

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó là sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gíláàsì alápapọ̀ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní: gíláàsì pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n há ike tín-ín-rín kan sáàárín wọn. Bí ó bá là, ike náà kì í jẹ́ kí ó tú ká. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Édouard Bénédictus, ni ó ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1903, nígbà tí ìgò kan já bọ́ nínú yàrá ìwádìí rẹ̀, tí ó là ṣùgbọ́n tí kò fọ́nká, nítorí pé kẹ́míkà kan ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ bí awọ. Ní 1909 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Irú gíláàsì yìí ni òkúta là mọ́ àbúrò mi lójú, tí ẹ̀rún kan ṣoṣo kò sì kàn án.

Ìkejì ni polycarbonate, ike líle kan tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà ṣe ní 1953. Bí a bá gé òun àti gíláàsì ní ìwọ̀n kan náà, kò tó ìdajì ìwúwo gíláàsì, kò sì rọrùn fún òòlù láti fọ́ ọ. Òun ni wọ́n ń lò níwájú ọkọ̀ ìdíje NASCAR ní Amẹ́ríkà. Òun ni ọkàn àbúrò mi fà sí. Ó tilẹ̀ ti gba ègé kan wá lọ́wọ́ ẹni tí yóò gé e fún un.

Ìkẹta ni gíláàsì alápapọ̀ tí wọ́n ṣe ní fẹ́lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kí ìka yín wà lórí ìbátan rẹ̀: ilé-iṣẹ́ Corning tí ń ṣe Gorilla Glass fún ojú fóònù bá Ford ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ eré Ford GT. Ó nípọn tó mìlímítà 3 sí 4, níbi tí ti àtẹ̀yìnwá ti jẹ́ 4 sí 6. Ó wù wá, ṣùgbọ́n a kò rí èyí tí ó bá ọkọ̀ àbúrò mi mu.

Ó wá ku ike náà. Ọyẹ́ ti dé, eruku pupa ti bo gbogbo àgbàlá. Mo gbé ègé ike náà sí ìta mọ́jú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ní kí ó fi rọ́bà wáípà àtijọ́ kan nù ún ní gbígbẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe nígbà tí omi wáípà bá tán. Ó nù ún, ó nù ún, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ojú ike náà ṣì mọ́ ketekete lójú wa. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo ní kí ó jókòó, kí ó gbé ike náà síwájú ojú rẹ̀. Èmi lọ tan iná ọkọ̀ bàbá sí i láti ẹnu géètì.

Ẹ̀rín tán. Àwọn ilà tíntìntín tí a kò rí lọ́sàn-án ti gba ìmọ́lẹ̀ náà mú, wọ́n sì tú u ká sí gbogbo ojú ike. Bàbá ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gba iwájú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì kí i. Àbúrò mi ta gìrì.

"Ẹ̀yin ni, sà? N kò rí yín."

Bàbá dúró. "Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwọ tí o kò sunkún, kí ló dé tí o kò ríran?"

Irú ike tí wọ́n fi ìbora líle sí máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó họ. Ti ọwọ́ àbúrò mi kò ní i. Àwọn awakọ̀ NASCAR pàápàá ń lẹ awẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ojú tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn a sì bó ẹyọ kan dànù nígbà tí ọkọ̀ bá yà wá gba epo. Ta ni yóò máa bó o fún ẹni tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Ọ̀jọ́ta lálẹ́?

Nǹkan mìíràn tún wà. Nínú irú ọkọ̀ yìí, gọ́ọ̀mù líle ni wọ́n fi lẹ gíláàsì iwájú mọ́ irin, ó sì ń ran òrùlé lọ́wọ́ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àpò afẹ́fẹ́ tí ń wú jáde fún ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ a sì máa fi gíláàsì náà ti ẹ̀yìn kí ó tó gba èèyàn mọ́ra. Ike tí ń tẹ̀ bí a bá tì í kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Mo bi àbúrò mi pé ta ni ó máa ń jókòó síbẹ̀. Kò dáhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní ike náà ìbá dín kílò 6 tàbí 7 kù nínú ọkọ̀ òun. Mo ní kí ó gbé àpótí ohùn ńlá tí ó wà nínú búùtù rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Kílò 24. Òun gan-an ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Gíláàsì alápapọ̀ lásán ni a rà. Kí a tó sanwó, a wo igun rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà "Laminated" wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà E tí wọ́n fi àmì róbótó yí ká, àti 43R, tí í ṣe àmì ìlànà ti Yúróòpù. Lára èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, AS1 ni à ń wò. Ẹni tí ó bá wa fi í sí i ní kí a máa gbé ọkọ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A kò lọ. A dúró títí wákàtí tí wọ́n kọ sára gọ́ọ̀mù náà fi pé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wúwo ni ẹrù. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń gbé wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun fúyẹ́, kí ó kọ́kọ́ wo inú búùtù.

Àpótí ohùn náà wà ní pálọ̀ ìyá wa báyìí. Orin ìyìn ni wọ́n ń fi gbọ́ ní òwúrọ̀. Àbúrò mi ṣì jẹ mí ní ìdajì owó náà. N kò tí ì béèrè.