Ọ̀nà Ìsàgà

Bí o bá dé Abẹ́òkúta tí o kò gun Olúmọ, wọ́n á ní o kò tíì dé ibẹ̀. Mo gùn ún. Afinimọ̀nà ń ròyìn bí àpáta ṣe dáàbò bo àwọn Ẹgbá tí Ṣódẹkẹ́ kó débẹ̀ ní 1830, àwọn ọmọ iléèwé ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, odi ìlú ló gba Ẹgbá lọ́wọ́ Dàhòmì, Aro, níbi tí odi náà wà nígbà náà, ni mo sì ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, Aro kẹ̀? Ṣé kò sí o?" Ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti gba orúkọ ibẹ̀ tán lẹ́nu aráyé.

N kò rí odi kankan. Ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ni mo bá, àti ìyá kan tó ń dín àkàrà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1851, ìhà ibí ni ogun Gezo, ọba Dàhòmì, dojú kọ lọ́sàn-án gangan. Àwọn ará ìlú Ìsàgà ló tàn án: wọ́n bá a mulẹ̀, wọ́n ní kó lọ lọ́sàn-án nígbà tí Ẹgbá ń sinmi, kó gba Aro, odi ibẹ̀ ò lágbára. Bẹ́ẹ̀ odi ọ̀hún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún mọ, Ìsàgà sì ti ta Ẹgbá lólobó! Wọ́n ní ìgbà tí Ẹgbá tú òkú ọmọ ogun kan wò ni wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ló ń bá wọn jà. Inú bí wọn kọjá sísọ. Wọ́n lé Dàhòmì padà dé Ìsàgà.

Ọkọ̀ ni mo wọ̀ lọ sí Ìsàgà. Dàhòmì ò gbàgbé ẹ̀tàn yẹn. Ní 1862, nígbà tí ọ̀pọ̀ jagunjagun Ẹgbá wà lójú ogun Ìjàyè, Glele ọmọ Gezo wá pa ìlú náà run, ó kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ó tún kọjú sí Abẹ́òkúta ní 1864, Ẹgbá tún ṣẹ́gun rẹ̀. Tinúubú tó kó ẹ̀tù àti ọta sílẹ̀ nígbà náà joyè Ìyálóde, ère rẹ̀ sì wà láàárín ìgboro. Tó bá ṣe tèmi ni, Ìsàgà ni wọn ì bá kọ́kọ́ mọ ère fún.

Mo bi bàbá kan níbẹ̀ bóyá àwọn èèyàn ńlá Abẹ́òkúta máa ń wá kí wọn.

"Wọ́n ń wá," ni bàbá wí. "Tí ìbò bá ti kù dẹ̀dẹ̀."