Ọjọ́ Mẹ́jọ Ní Etí Odò Paraguaçu

Bí ènìyàn bá sọ fún ìyàwó ilé lóde òní pé kí ó lọ sinmi, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dùbáì, àti àpò ńlá tí yóò fi kó ẹrù ọjà wálé. N kò bá ẹnikẹ́ni wí lórí èyí, nítorí ọjà rírà dùn mọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n irú ìsinmi mìíràn wà tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ara wa: kí ènìyàn wọ ọkọ̀ ilẹ̀, kí amọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ìlú jókòó síwájú, kí a máa lọ láti ìlú kékeré kan sí èkejì, kí a máa sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú sí, kí a sì máa wọ ilé ìdáná àwọn onílé. Irú rẹ̀ ni àwa obìnrin mẹ́sàn-án, tí olùkọ́ ni gbogbo wa, lọ ṣe ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì ní oṣù kẹjọ ọdún 2023.

Kí ẹ má baà rò pé owó ọkọ ni a ná, ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi dá àjọ. Oṣooṣù ni a ń dá a, ẹni tí ó ń gba owó jọ kò sì gba àwáwí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ náà ti lu síta ni àwọn ará ilé ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àbúrò ọkọ mi kan ti ṣírò iye búlọ́ọ̀kù tí owó náà ìbá rà. Ìyá ọkọ mi, ẹni tí ó fi àkàrà dídín tọ́ ọmọ mẹ́fà, pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, kí ni o gbàgbé sí ilẹ̀ náà tí o fẹ́ lọ mú?" Bàbá àwọn ọmọ kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: ó ní owó tí òun kò bá wa dá, òun kò ní bá wa pín in. Nígbà tí màmá rí i pé mo ti san owó ọkọ̀ òfurufú, ó ní kí n kó àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n kí n fojú sílẹ̀ wò ó bóyá àkàrà àwọn ará ibẹ̀ dára ju ti òun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí à ń sọ. Salvador ni olú ìlú Bàhíà, ó sì dojú kọ ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tí ó yí omi náà ká ni wọ́n ń pè ní Recôncavo. Ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá ni. Ìrèké àti tábà ni àwọn Potogí gbìn síbẹ̀, àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ àwọn aládùúgbò wa ni wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ náà, títí di ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888 tí òfin fi òpin sí oko ẹrú. Odò Paraguaçu ni ó la ilẹ̀ náà kọjá lọ sínú òkun. Etí odò náà ni ìlú Cachoeira àti São Félix dojú kọ ara wọn sí.

Santo Amaro ni a ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kìíní, ní etí odò mìíràn tí ó ń jẹ́ Subaé. Ìlú àtijọ́ tí ó lẹ́wà ni, ṣùgbọ́n amọ̀nà wa, obìnrin ọmọ Cachoeira tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò jẹ́ kí a kàn máa ya àwòrán. Ó sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ kan ń yọ́ òjé níbẹ̀ láti 1960 títí di 1993, àti pé ìdàrọ́ òjé náà ni wọ́n kó fi tẹ́ òpópónà àti àgbàlá ilé, tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, òjé ni wọ́n rí níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, òjé kì í pariwo kí ó tó wọlé. Ọpọlọ ọmọdé ni ó máa ń bà jẹ́, kò sì sí àgbo tí ó ń tún un ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara níbí, ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú erùpẹ̀ tí wọ́n ń gún láti wá góòlù pa ọmọdé tí ó lé ní irinwó. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òjé inú ọ̀dà àti inú ìkòkò. N kò tíì dúró lórí rẹ̀ rí àfi ọjọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ Cachoeira. Afárá irin gígùn kan ni ó so ó pọ̀ mọ́ São Félix ní òdìkejì odò. Ọdún 1885 ni wọ́n ṣí i, pákó tí wọ́n tẹ́ sí i sì ń dún gbàgà-gbàgà bí mọ́tò bá ń kọjá. A mọ̀ọ́mọ̀ lọ ní àárín oṣù kẹjọ, nítorí àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà obìnrin dúdú ìlú náà ń ṣe ọdún wọn. Irmandade da Boa Morte ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, èyí tí a lè pè ní Ẹgbẹ́ Ikú Rere. Ìyá Jésù ni wọ́n ń bu ọlá fún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi òrìṣà ìyá wọn sílẹ̀. Salvador ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kó wá sí Cachoeira, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún dáadáa.

A rí wọn ní alẹ́ ọjọ́ 13 nínú aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ti ń rìn jẹ́jẹ́ lórí òkúta títì. Oúnjẹ funfun ni wọ́n fi ṣe àlejò lẹ́yìn náà: ẹja, ìrẹsì, búrẹ́dì, láìsí ẹ̀kán epo pupa kan. Ẹni tí ó bá mọ èèwọ̀ Ọbàtálá yóò mọ ibi tí èyí ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ní ọjọ́ 15 ni wọ́n wọ aṣọ ọ̀ṣọ́ wọn pẹ̀lú ìborùn pupa àti ẹ̀gbà wúrà. Èmi kò tíì rí ibi tí wọ́n ti bu ọlá fún ìyá àgbà tó bẹ́ẹ̀ ní gbangba rí.

Ṣùgbọ́n ohun tí amọ̀nà wa sọ nípa owó ni n kò gbàgbé. Ní ayé ẹrú, obìnrin tí ó jẹ́ ẹrú ní ìlú ńlá a máa kiri oúnjẹ. Yóò dín àkàrà, yóò ta ẹ̀kọ, yóò ta èso. Iye kan wà tí ó gbọ́dọ̀ kó fún olówó rẹ̀. Èyí tí ó bá lé, tirẹ̀ ni. Ẹ̀lé yìí ni àwọn obìnrin kó jọ díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ́ bí irú èyí sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́, tí wọ́n fi ń ra ìwé òmìnira fún ara wọn, fún ọmọ wọn, àti fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọn rárá. Àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wo ojú ara wa. Ẹni tí ó ń gba àjọ wa jọ, tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí líle ọwọ́ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó nu ojú.

Àkàrà náà ńkọ́? Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà tí a mọ̀ náà ni: wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọ́n á sì pò ó títí yóò fi wú. Epo pupa nìkan ni wọ́n fi ń dín in. Ó tóbi tó ìkúùkù ọkùnrin. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á wá fi ọbẹ̀ ilá, edé gbígbẹ, ata, àti ohun kíki kan tí wọ́n fi búrẹ́dì, ẹ̀pà àti omi àgbọn sè kún inú rẹ̀. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Bràsíìlì ti kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí sínú ìwé ohun ìní orílẹ̀-èdè. Wọ́n tún ní abará, tí ó jẹ́ ọ̀lẹ̀ nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti acaçá, tí ó jẹ́ ẹ̀kọ wa gan-an. Mo pe ìyá ọkọ mi lórí fóònù ní alẹ́, mo ní, "Màmá, tiyín fúyẹ́ jù ú lọ." Inú rẹ̀ dùn. Mo wá sọ fún un pé epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń dín in. Òróró ìgò ni ó dé bá wa."

Oúnjẹ kan wà tí n kò ní kí ẹ dán wò nílé: maniçoba, ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi ẹran oníyọ̀ sè. Ewé ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú, nítorí náà ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń sè é, títí dé ọ̀sẹ̀ kan nígbà mìíràn. Obìnrin tí ó gbé e fún wa sọ iye ọjọ́ tí ó ti wà lórí iná kí ó tó bu ṣíbí kìíní. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí àlejò béèrè.

Ọjọ́ karùn-ún ni a kúrò ní Cachoeira lọ sí àfonífojì Iguape, níbi tí odò Paraguaçu ti ń fẹ̀ kí ó tó dé òkun. Àwọn abúlé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní quilombo, àwọn ọmọ ọmọ ẹrú àtijọ́ ni wọ́n ń gbé inú wọn. Kaonge ni orúkọ èyí tí a dé sí. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n ń mú àlejò kiri; wọ́n pe ọ̀nà náà ní Rota da Liberdade, Ọ̀nà Òmìnira. Inú ilé wọn ni a sùn, oúnjẹ wọn ni a jẹ.

Mo bá obìnrin mẹ́ta nídìí odó, wọ́n ń gún ẹyìn sísè. Wọ́n dà á sínú omi, wọ́n fọ ihá rẹ̀, wọ́n bu epo tí ó léfòó, wọ́n sì gbé e padà sórí iná. Bí ẹ bá dì mí lójú, n ìbá búra pé abúlé ìyá mi lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Láti ilẹ̀ aláwọ̀dúdú ni igi ọ̀pẹ náà ti dé ọ̀hún. Mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo gún un, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé tí kò lè gún odó, kí ni ó ń kọ́ni?) Wọ́n rin ẹ̀gẹ́, wọ́n fún omi rẹ̀, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n sì yan án bí gàrí, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ó kan bí tiwa. Ní alẹ́, a jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, èyí tí àwọn ará Pópó Àgùdà ní Èkó ń pè ní firẹ́jọ̀n, tí wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì Rere.

Àwọn abúlé yìí ní ilé ìfowópamọ́ kékeré ti ara wọn, àti owó tí wọ́n ń ná láàárín ara wọn nìkan. Sururu ni wọ́n pe owó náà, orúkọ ẹran omi oníkarahun kan tí àwọn obìnrin ń wà nínú ẹrẹ̀ etí odò. Ìdí rẹ̀ rọrùn: owó tí ìlú ńlá kò gbà kò lè sá lọ sí ìlú ńlá. Ó ń ti ọwọ́ ẹlẹ́po bọ́ sí ọwọ́ oníyẹ̀fun, ó sì tún ń padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a tẹ̀lé obìnrin kan lọ sínú ẹrẹ̀, láàárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró sórí omi bí èyí tí ó wà létí ọ̀sà wa. Ọwọ́ lásán ni ó fi ń wa sururu. Mo bi í láti ẹnu amọ̀nà wa pé ta ni ó ń gba owó ọjà rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Ọwọ́ ta ni ó wọ inú ẹrẹ̀?" ni ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹran omi náà kò pọ̀ mọ́ bí ti ìgbà èwe òun. Ìdídò ńlá kan wà lókè Cachoeira, Pedra do Cavalo ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1985 ni wọ́n parí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ní, iyọ̀ omi kò dúró lójú kan mọ́. Bí wọ́n bá ṣí omi sílẹ̀ lójijì, ohun tí ó wà nínú ẹrẹ̀ a kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní Salvador tí ó ń tún ilé onílé ṣe. Kò fẹ́ kí ọmọ náà padà sínú ẹrẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹrẹ̀ náà di ahoro lẹ́yìn òun. N kò ní ìmọ̀ràn kankan fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ràn ni wọ́n ń san owó fún mi lé lórí.

Bí èyíkéyìí nínú yín bá fẹ́ lọ, ẹ tètè wá àṣẹ ìwọlé, ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ẹ sì mú aṣọ òtútù díẹ̀, nítorí òjò ń rọ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ẹ wá amọ̀nà tí ó jẹ́ obìnrin. Ọkùnrin yóò fi ilé ìjọsìn àti ère hàn yín. Obìnrin ni yóò mú yín gba ẹ̀yìnkùlé.

Nazaré, ìlú oníyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, àti Maragogipinho ni a lọ kẹ́yìn. Amọ̀kòkò ni Maragogipinho, létí odò Jaguaripe. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin ni ó ń mọ ìkòkò. Níbẹ̀, ọkùnrin ni ó ń mọ ọ́n lórí àgbá tí ó ń yí, obìnrin a sì máa dán an, a máa fi amọ̀ pupa àti funfun ya òdòdó sí i lára. A ra ìkòkò ju bí ó ti yẹ lọ. A fi ìró wé wọn, a gbé wọn lé itan nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé wa sọdá òkun padà sí Salvador. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ń gba àjọ jọ ti yọ ìwé kékeré rẹ̀ jáde, tí ó la ilà tuntun sí i, tí ó sì bèèrè owó oṣù kìíní lọ́wọ́ mi.