Àjọ̀dún Orin ní Bentonia

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni wọ́n fi í ṣe nílé òkú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí òwe yìí ń gún lọ́kàn bí ẹ̀gún. Ọmọ ọdẹ ni. Apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ni ó sì gbé e dé Jackson, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ mọ ìrẹ̀mọ̀jé sun tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọdẹ kan bá kú ládùúgbò, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Nígbà tí ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́, bàbá a máa pè é lálaalẹ́ pé kí ó wá jókòó ti òun. Ọmọ a ní ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá kò bá a jà. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, tí ẹgbẹ́ ọdẹ wá ṣe ìṣípà, àgbà ọdẹ kan láti ìlú mìíràn ni ó sun ìrẹ̀mọ̀jé fún olóògbé. Ọmọ dúró bí òǹwòran ní àgbàlá bàbá tí ó bí i.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú un lọ sí Bentonia, níbi àjọ̀dún orin búlúùsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ìrìn nǹkan bí 30 máìlì ni láti Jackson, ní apá àríwá. Ìlú kékeré gbáà ni. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò tó 500. Ọkùnrin náà ti rò pé gbọ̀ngàn ńlá ni òun yóò bá. Ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan ni ó bá, tí wọ́n kùn ní funfun àti búlúù, tí ó kọjú sí ojú irin. Àwọn ènìyàn gbé àga ti ilé wọn wá, wọ́n tò wọ́n sí ìta gbangba. Èéfín ẹran sísun ń rú. Oòrùn ń mú ganrínganrín.

Blue Front Café ni wọ́n ń pe ilé náà. Carey Holmes àti Mary aya rẹ̀ ni wọ́n ṣí i ní ọdún 1948. Wọ́n ń ta oúnjẹ àti ohun mímu níbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ oko òwú. Nígbà ìkórè, tí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ kóró òwú bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, Blue Front náà kì í tilẹ̀kùn. Ayé ìyàsọ́tọ̀ ni ayé ìgbà náà. Dúdú kò gbọdọ̀ jókòó níbi tí funfun bá ti ń jẹun. Nínú irú ilé báyìí ni dúdú ti ń sinmi, tí ó sì ń gbọ́ orin ara rẹ̀. Ní ọdún 1970, ilé náà bọ́ sí ọwọ́ ọmọ wọn, Jimmy Holmes, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ‘Duck’.

Kì í ṣe orin Yorùbá ni búlúùsì. Àtọmọdọ́mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí òmìnira ti dé ní ọdún 1865 ṣùgbọ́n tí ìyà kò tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, akọrin a lé gbólóhùn kan, a tún un lé, a sì fi ẹ̀kẹta dá a lóhùn. Ti Bentonia tún yàtọ̀. Wọ́n a yí okùn gìtá wọn sí ohùn arò; olórin kò sì so ara rẹ̀ mọ́ ìlù, bí èémí rẹ̀ bá ṣe gùn tó ni orin rẹ̀ ń gùn tó. Nígbà tí ohùn àkọ́kọ́ jáde, ara ọmọ ọdẹ bù máṣọ. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ẹni tí ń bá òkú sọ̀rọ̀.

Bàbá arúgbó kan tí ó jókòó tì í ṣàkíyèsí rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ìran orin náà fún un. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni Henry Stuckey. Stuckey sọ pé ilẹ̀ Faransé, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ni òun ti rí àwọn ọmọ ogun kan, tí òun rò pé ará Bahamas ni wọ́n, tí wọ́n ń yí okùn bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ Skip James. Ní ọdún 1931, James wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Grafton ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ó gba orin 18 sílẹ̀. Ọdún ọ̀dá owó ni. Àwo náà kò tà. James bá tirẹ̀ lọ sí ìdí iṣẹ́ ìjọ. Ọdún 33 kọjá kí àwọn ọ̀dọ́ olólùfẹ́ orin kan tó wá a rí ní ilé ìwòsàn ní Tunica, ní ọdún 1964. Ní oṣù keje ọdún náà, ó kọrin ní Newport níwájú ogunlọ́gọ̀. Ó kú ní ọdún 1969.

“Stuckey ńkọ́?” ni àlejò béèrè.

“Kò sí àwo kankan tí ó jáde ní orúkọ rẹ̀,” ni arúgbó dáhùn. “Ohùn rẹ̀ bá a lọ ní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lọ.”

Ó ṣàlàyé ohun tí ó ní lọ́kàn. Jack Owens, àgbẹ̀ kan ní Bentonia, náà mọ ìlànà yìí. Kò fi ìlú sílẹ̀ lọ wá òkìkí, síbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà dá a lọ́lá ní ọdún 1993 gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú àṣà. Kí ó tó kú ní ọdún 1997, ó ti kọ́ Duck. Kò sí ìwé nínú ẹ̀kọ́ náà. Kí ọmọ máa wo ìka, kí ó máa fetí sílẹ̀, kí ó sì tún padà wá lọ́la ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin náà gbé délé. Àwo gbé ohùn James la ìgbàgbé kọjá fún ọdún 33. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n àwo kò lè wo akẹ́kọ̀ọ́ lójú kí ó ní, “Kò rí bẹ́ẹ̀, tún un ṣe.” Ọjọ́ àjọ̀dún kò pọ̀ lọ́dún, ọjọ́ tí ó kù, tí ìta ti dá, tí ẹnì kan jókòó ti ẹnì kan, ni orin ń rí ibi dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣèèṣì fi ọmọ rọ́pò. Ẹ̀bá ìdí ìyá ni ọmọ ti ń hù.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ àgbà ọdẹ tí ó sun ìrẹ̀mọ̀jé fún bàbá rẹ̀ láago. Bàbá náà rò pé ó fẹ́ kí òun sun díẹ̀ kí ó fi ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń ṣe.

“Rárá o, bàbá,” ni ó wí. “Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ni.”

Àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá rẹ ti sọ fún mi pé o máa béèrè. Ó kàn pẹ́ ni. Ìgbà wo lo ń bọ̀ nílé?”